Àwọn Awakọ̀ Bàálù Ìjà Nígbà Ogun: Ìbéèrè Tí Àwọn Ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Máa Ń Bi Mí

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa ogun ayé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣàgámù, ní Ìpẹ́rù. Ibi yòówù kí n dé, àwọn ìbéèrè kan náà ló ń jáde. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè kà á fúnra rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì, 1939 sí 1945, ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn dá lé.

Kí ni iṣẹ́ awakọ̀ bàálù ìjà gan-an?

Bàálù ogun kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó ń gbé bọ́ǹbù tóbi, ó wúwo, ènìyàn bíi méje ló sì lè wà nínú rẹ̀: ẹni tó ń wà á, ẹni tó ń wo máàpù, ẹni tó ń gbọ́ rédíò, ẹni tó ń ju bọ́ǹbù, àwọn tó ń yìnbọn. Bàálù ìjà kéré, ó yá, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wọ̀ ọ́. Òun ló ń wà á, òun ló ń wá ọ̀nà, òun náà ló ń yìnbọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lé bàálù ọ̀tá kúrò lójú òfuurufú, tàbí kó sin bàálù bọ́ǹbù tiwọn lọ, kó sì sìn ín bọ̀. Spitfire, bàálù ìjà Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1940 lè sáré ju 350 máìlì lọ ní wákàtí kan. Bí ó bá gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ó ti dé Ṣàgámù. Ẹni tó jókòó sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ráyè ro ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà wo ni irú ìjà yìí bẹ̀rẹ̀?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, 1914 sí 1918. Ní ìbẹ̀rẹ̀, amí lásán ni bàálù ń ṣe, àwọn awakọ̀ sì ń fi ìbọn ọwọ́ yin ara wọn. Ní 1915 ni àwọn ará Jámánì rí ọgbọ́n dá sí i, tí ọta ìbọn fi ń gba àárín abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù kọjá láì kàn án. Láti ìgbà náà ni ìjà òfuurufú ti di iṣẹ́.

Ẹni tó lókìkí jù lọ nígbà náà ni Manfred von Richthofen ará Jámánì, tó já bàálù 80 bọ́ kí wọ́n tó pa òun náà ní oṣù kẹrin 1918. Ọmọ ọdún 25 ni. Oṣù karùn-ún 1892 ni wọ́n bí i, oṣù kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Mo máa ń sọ èyí fáwọn ọmọ kí wọ́n lè mọ̀ pé ìgbà náà kò jìnnà sí wa tó bí wọ́n ṣe rò.

Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?

Ọ̀pọ̀ wọn wà láàrin ọmọ ọdún 19 sí 24. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ ni. Bí awakọ̀ kan bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, àgbà ni láàrin wọn.

Nínú ìjà tí wọ́n jà lójú òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ 10 oṣù keje sí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1940, àwọn tó wọ bàálù ìjà fún Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Ó lé ní 500 nínú wọn tó kú láàrin oṣù mẹ́rin yẹn péré. Àwọn tó ṣẹ́kù tún ń bá ogun lọ, ó sì tún lé ní 700 tó bá a lọ kó tó parí. Bí mo bá dúró níwájú kíláàsì SS3, ojú àwọn tó lọ sógun ni mo máa ń rí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà?

Wọ́n á kọ́kọ́ fi bàálù kékeré onígi àti aṣọ kọ́ wọn, tí ọ̀gá á jókòó pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ èyí tó lágbára díẹ̀, kí wọ́n tó gbé bàálù ìjà lé wọn lọ́wọ́. Nítorí pé ojú òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún ewu, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ iṣẹ́ lọ sí Kánádà, Rhodesia (Zimbabwe òní) àti South Africa láti lọ kọ́ ọ.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ le, ní àárín ọdún 1940, wọ́n gé ẹ̀kọ́ náà kúrú. Àwọn ọmọ kan dé ojú ogun láì tíì lo ogún wákàtí nínú Spitfire. Ọ̀pọ̀ irú wọn kò rí ọ̀sẹ̀ kejì.

Báwo ni ọjọ́ kan ṣe ń rí fún wọn?

Ìdúró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jí. Wọ́n á wọ bàtà ìfòlọ, wọ́n á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bàálù, wọ́n á máa ta káàdì, tàbí kí wọ́n sùn. Etí gbogbo wọn wà lára tẹlifóònù. Àwọn kan nínú wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé títí tí àwọn fi darúgbó, bí tẹlifóònù bá dún lójijì, inú àwọn á dà rú.

Bí tẹlifóònù bá dún, wọ́n á sáré lọ sídìí bàálù. Réédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò mọ ibi tí bàálù wà, ló ti rí ọ̀tá lókèèrè láti etíkun. Nínú yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń fi ọ̀pá gígùn ti àmì káàkiri lórí máàpù ńlá kan, wọ́n ń fi hàn ibi tí ọ̀tá dé. Ọ̀gá kan dúró lókè, ó ń wo máàpù náà, ó ń fi rédíò sọ fún àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n yà síhìn-ín, kí wọ́n gòkè sí i.

Spitfire nílò bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó gun òkè tó 20,000 ẹsẹ̀ bàtà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò nílẹ̀ á bá ọ̀tá lókè orí rẹ̀, ibi tí kò dára láti wà rárá. Nígbà tí ìjà gbóná, wọ́n lè gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Alẹ́ ni wọ́n á tó mọ àga tí ẹni tó ń jókòó sí i kò padà wá.

Ìgbà wo ni ọta ìbọn wọn máa ń tán?

Kíákíá ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ìbọn mẹ́jọ ló wà nínú apá Spitfire àti Hurricane, bàálù ìjà Gẹ̀ẹ́sì kejì, ti 1940, mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì. Bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ láì jọ̀wọ́ rẹ̀, gbogbo ọta náà á tán ní bí ìṣẹ́jú-àáyá 15. Kí akígbe tó kì oríkì ìdílé kan dé ìdajì, ìbọn ti gbẹ.

Ìdí nìyí tí àwọn ògbólógbòó fi ń sún mọ́ ọ̀tá gan-an kí wọ́n tó yìnbọn. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á sì yà kúrò.

Kí ni òkè ń ṣe fún ara wọn?

Otútù kọ́kọ́ wà. Ní 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, otútù ju ti yìnyín lọ, bàálù wọn kò sì ní ohun tó ń mú yàrá gbóná bíi ti ọkọ̀ òfuurufú tí à ń wọ̀ lónìí. Afẹ́fẹ́ tún fẹ́lẹ́. Ẹni tí ọ́síjìn bá já mọ́ lójú kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Inú rẹ̀ tilẹ̀ lè máa dùn, kí ó tó dákú. Àwọn kan já lulẹ̀ láì sí ọta kankan lára wọn.

Bí bàálù bá yí kánkán, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lórí lọ sí ẹsẹ̀. Ojú á kọ́kọ́ di eérú, á wá dúdú biribiri. Ẹni náà ṣì lè gbọ́ràn, ó ṣì di ọ̀pá ìwakọ̀ mú, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan.

Àwọn ọmọ máa ń bi mí nípa sikáàfù tó wà lọ́rùn wọn nínú fọ́tò. Kì í ṣe fáàrí. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa yí ọrùn wo ẹ̀yìn láìdákẹ́, kọ́là aṣọ á sì bó ọrùn. Sílíkì ló ń gbà wọ́n.

Kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù lọ?

Iná. Ní iwájú awakọ̀ Spitfire gan-an ni táńkì bẹntiróò wà, láàrin òun àti ẹ́ńjìnnì. Bí ọta bá bà á, iná á fẹ́ sí i lójú àti lọ́wọ́ kó tó rí ilẹ̀kùn òkè ṣí. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bọ́ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, bó ti wù kí ooru mú tó nílẹ̀. Àwọn tó kọtí ikún sí i ló jẹ̀ ẹ́ níyà jù.

Oníṣẹ́ abẹ kan wà, Archibald McIndoe, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú East Grinstead ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń gé awọ láti ara itan tàbí ibòmíì láti fi mọ ìpéǹpéjú, imú, ètè àti ìka tuntun. Ẹlòmíì gba iṣẹ́ abẹ ogún tàbí ọgbọ̀n. Ó tún ṣàkíyèsí pé àwọn tó ti já sínú omi òkun, egbò tiwọn ń san ju ti àwọn tó já sórí ilẹ̀ lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi oníyọ̀ wẹ àwọn aláìsàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ. Ó lọ bá àwọn ará ìlú, ó sọ fún wọn pé àwọn ọmọkùnrin yìí á máa jáde wá sí ọjà àti sí ilé ọtí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹjú mọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì gbójú kúrò lára wọn. Àwọn ará ìlú gbà. Wọ́n ń pè wọ́n wá sílé jẹun. Ní 1941 àwọn aláìsàn náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàrin ara wọn. Nígbà tí ogun fi parí, wọ́n pé 649. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí iná epo bá jó ọmọ ènìyàn, ṣé bẹ́ẹ̀ ni à ń wò ó?

Ṣé wọ́n lo òògùn? Ṣé wọ́n ní nǹkan bí egbé?

Ìjẹ̀bú ni wá, mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ wáyé. Wọn kò ní egbé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹlòmíì kò ní gòkè láì mú ehoro kékeré tí ọmọ rẹ̀ fi ń ṣeré dání. Ẹlòmíì á tọ̀ sí ìdí táyà ẹ̀yìn bàálù kó tó wọlé. Ẹlòmíì kò jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò kó tó gbéra. Ẹni tí ikú ń bá ṣe wọlé-wọ̀de á wá nǹkan dì mú, ìbáà ṣe òyìnbó.

Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn tó ń sọ òótọ́ nínú wọn jẹ́wọ́ rẹ̀: èébì kí wọ́n tó gbéra, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àlá burúkú lóru. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ pé òun kò lè gòkè mọ́, RAF, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, lè kọ sínú ìwé rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò gbó, kí wọ́n gba àmì ìyẹ́ lára aṣọ rẹ̀, kí wọ́n sì rán an lọ ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́gàn. Ìwà ìkà ni mo ka èyí sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jà títí ara fi kọ̀ ọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé kárọ́ọ̀tì ló jẹ́ kí wọ́n ríran lóru?

Rárá. Awakọ̀ kan wà, John Cunningham, tó já bàálù 19 bọ́ lóru. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kárọ́ọ̀tì tó ń jẹ ló mú ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ ni réédà kékeré tí wọ́n gbé sínú bàálù, tí ẹnì kejì ń wò, tó ń darí rẹ̀ nínú òkùnkùn. Kárọ́ọ̀tì dára fún ojú, ẹ máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ réédà.

Ta ló ń tún bàálù ṣe?

Awakọ̀ kan, ènìyàn púpọ̀ nílẹ̀. Ẹni kan ń bójú tó ẹ́ńjìnnì, ẹni kan ń bójú tó ara bàálù, ẹni kan ń kó ọta sínú ìbọn, ẹni kan ń tún rédíò ṣe. Nígbà ìjà, wọ́n lè rọ epo, kó ọta, pààrọ̀ ọ́síjìn, kí bàálù tó ti ojú ìjà dé sì tún gbéra ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí bọ́ǹbù bá bọ́ sórí pápá, ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Wọn kì í sọ pé bàálù awakọ̀. Wọ́n ń sọ pé bàálù wa.

Ṣé obìnrin wà nínú wọn?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò jẹ́ kí obìnrin lọ sójú ìjà, ṣùgbọ́n obìnrin 168 wà nínú àjọ tó ń gbé bàálù láti ilé iṣẹ́ lọ sí ibùdó ogun. Wọ́n ń wa Spitfire, Hurricane, àti bàálù bọ́ǹbù ńlá, láì ní ìbọn, láì sì ní rédíò lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1943, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san iye kan náà fún wọn bíi tọkùnrin, ohun tó ṣọ̀wọ́n nígbà náà.

Rọ́ṣíà ló jẹ́ kí obìnrin jà. Lydia Litvyak já bàálù ọ̀tá mélòó kan bọ́, òun náà sì bọ́ ní oṣù kẹjọ 1943 kó tó pé ọmọ ọdún 22.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ mi fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn náà lè ṣe é ni. Ní 2019, Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù ìjà fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà. Ìdáhùn mi nìyẹn.

Ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn?

Wọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà há. Kí ogun tó bẹ́, òfin RAF ní ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé kò lè jẹ́ ọ́físà. Oṣù kẹwàá 1939 ni wọ́n gbé òfin náà tì sápá kan, nígbà tí wọ́n rí i pé ènìyàn á dín. Àwọn ọmọ Jamaica, Trinidad, Barbados àti àwọn erékùṣù tó kù ló pọ̀ jù, bí ọgọ́rùn-ún márùn-ún nínú bàálù. Àwọn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó bí àádọ́ta.

Peter Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ àti ọ́físà ní RAF. Jàǹbá bàálù ló pa á ní oṣù kìíní 1945, nígbà tí ogun ku oṣù mẹ́rin péré kó parí ní Yúróòpù. Akin Shenbanjo náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ará ilé wa á gbọ́ orúkọ yẹn, á rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe bàálù ìjà ló wọ̀. Bàálù bọ́ǹbù Halifax ti ẹ̀ka 76 ni, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rédíò àti ìbọn. Àwọn tí wọ́n jọ wọ bàálù náà kọ "The Black Prince" sí i lára nítorí rẹ̀, ìjọba sì fún un ní DFC, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà lójú òfuurufú.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú kò lọ́gbọ́n tó láti wa bàálù. Ìjọba wá gbà láti dán an wò ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1941. Àwọn tó gba ìyẹ́ níbẹ̀ tó 992. Wọ́n kun ìrù bàálù wọn ní pupa, wọ́n sì ń sin àwọn bàálù bọ́ǹbù láti Ítálì wọ ilẹ̀ Jámánì lọ. Bí wọ́n ṣe padà sílé, ẹnu ọ̀nà àwọn dúdú ni wọ́n ní kí wọ́n gbà.

Kí ló kan Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nínú ọ̀rọ̀ bàálù òyìnbó?

Owó àti gàrí. Nígbà ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá dá 5,000 pọ́n-ùn á lè fún Spitfire kan lórúkọ. Gbogbo ilẹ̀ ọba wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Nàìjíríà dá púpọ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe odidi ẹ̀ka kan, ẹ̀ka 91, "Nigeria Squadron", tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1941. Nígbà tí Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù abìyẹ́ tí kò ní awakọ̀ sí London ní 1944, ẹ̀ka yìí já èyí tó lé ní 150 bọ́ nínú wọn.

Àwọn ọmọ máa ń rò pé ọmọ Nàìjíríà ló wà nínú ẹ̀ka náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó wa ló ra orúkọ yẹn. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ mìíràn.

Nílé ńkọ́? Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀ gàrí tí Èkó ń jẹ ti ń wá. Èkó kún fún ọmọ ogun, oúnjẹ wọ́n, ìjọba sì dá iye lé oúnjẹ, gàrí pẹ̀lú, lábẹ́ ètò ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Pullen. Iye tí wọ́n dá kò tó ohun tí obìnrin fi ń ro gbaguda, tó ń rin ín, tó ń yan án, tó tún ń san owó ọkọ̀. Àwọn ìyálọ́jà Èkó, tí Alimotu Pelewura ṣáájú wọn, kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka iye tí bàálù yẹn ná, kí wọ́n ka ti ìyá alágàrí mọ́ ọn.

Ṣé bàálù ogun tilẹ̀ kọjá lórí ilẹ̀ Yorùbá?

Ó kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà tí Ítálì wọ ogun ní oṣù kẹfà 1940, òkun Mẹditaréníà di ibi eléwu, bẹ́ẹ̀ ìjà ń bọ̀ ní Íjíbítì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń tú bàálù sínú àpótí, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Takoradi ní Gold Coast, Gánà òní. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n á fò wá sí Èkó, wọ́n á yà sí Kano àti Maiduguri, wọ́n á gba Fort-Lamy, tí í ṣe N'Djamena òní, àti Khartoum, kí wọ́n tó dé Íjíbítì. Ọ̀nà náà ju 3,500 máìlì lọ. Oṣù kẹsàn-án 1940 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra.

Hurricane kò ní ẹni tó ń wo máàpù nínú rẹ̀. Nítorí náà, bàálù ńlá kan á ṣáájú, àwọn Hurricane á máa tẹ̀lé e bí òròmọdìẹ ṣe ń tẹ̀lé ìyá. Ẹni tó bá sọ ìyá nù nínú ọyẹ́ tàbí nínú ìjì iyanrìn wà nínú ewu ńlá. Bàálù tó gba ọ̀nà yìí títí ogun fi parí lé ní 5,000. Nítorí náà, bí àgbà kan nílé yín bá ń sọ pé bàálù ń ké lójú ọ̀run ní Èkó nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ṣé òótọ́ ni iye bàálù tí wọ́n ní àwọn já bọ́?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn já bàálù Jámánì 185 bọ́. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n wo ìwé àwọn ará Jámánì, bí ọgọ́ta péré ni. Wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Awakọ̀ mẹ́ta lè yin bàálù kan náà láì rí ara wọn, kálukú á sì ní òun ni.

Erich Hartmann ará Jámánì ló ní iye tó ga jù, 352. Ẹni tó ga jù nínú àwọn tó bá Jámánì jà ni Ivan Kozhedub, ọmọ Ukraine tó jà fún Rọ́ṣíà, 62. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ìyàtọ̀ yìí fi hàn pé ará Jámánì mọ iṣẹ́ jù. Ohun tó fà á ni pé awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà á jà fún àkókò kan, wọ́n á ní kó lọ sinmi, kó sì lọ kọ́ àwọn tuntun. Ti Jámánì á máa jà títí yóò fi kú tàbí tí ogun á fi parí. Àwọn díẹ̀ tó yè é ni iye wọn ga. Ìyókù wà nínú ilẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ará Tuskegee kò pàdánù bàálù bọ́ǹbù kankan rí. Ṣé òótọ́ ni?

Wọ́n pàdánù díẹ̀, bí márùndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nígbà ogun, gbogbo ènìyàn sì ń tún un sọ. Iye náà kéré gan-an sí ti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó dùn mí bí àwọn ènìyàn bá ń fi irọ́ gbé wọn ga, torí òótọ́ wọn ti ga tó.

Ṣé ó tọ́ láti yìnbọn fún ẹni tó ti fò bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú páráṣútì?

Nígbà ogun yẹn, kò sí òfin kan pàtó tí gbogbo orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní ìhà méjèèjì kà á sí ìwà ìbàjẹ́. Àwọn kan ṣe é. Àwọn kan gbèjà rẹ̀ pé bí ẹni náà bá balẹ̀ sórí ilẹ̀ tirẹ̀, lọ́la ó tún gòkè wá pa ọ̀rẹ́ wa.

Láti 1977, àfikún Àdéhùn Geneva, ìyẹn òfin ogun láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, ti kà á léèwọ̀: ẹni tó bá ń fò bọ́ nínú bàálù tó bàjẹ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ yìnbọn fún un lójú ọ̀run, bó bá sì balẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fún un láyè kó juwọ́ sílẹ̀. Ọmọ ogun tó ń fi páráṣútì sọ̀kalẹ̀ wá jà kò sí nínú ààbò yìí.

Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìbọn wó Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, kí ló dé tí a fi ń yin ọmọ ogun wọn?

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Òde Rẹ́mọ ló kọ́kọ́ bi mí báyìí, ara mi sì bù máṣọ. Ìbéèrè gidi ni. Ìbọn Maxim ni wọ́n fi pa àwọn baba wa ní 1892, ìjọba tó ṣe é náà ló sì ní kí a dáwó ra Spitfire ní ọdún méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn náà.

Èmi kò yin ilẹ̀ ọba wọn. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé ìjọba Jámánì tó ń bọ̀ lójú ọ̀run nígbà náà kò ka aláwọ̀ dúdú sí ènìyàn rárá, àti pé Peter Thomas àti Shenbanjo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Wọ́n lọ nítorí tiwọn, pẹ̀lú ojú tó là. Ẹni tó bá kà wọ́n sí ẹrú Gẹ̀ẹ́sì kò bọ̀wọ̀ fún wọn tó. Àwọn tó padà dé láti ogun náà sì wà lára àwọn tí kò gbà mọ́ kí òyìnbó máa pe àgbàlagbà ní "boy".

Bàbá bàbá mi ní òun ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bàálù nígbà ogun. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀?

Má ṣe já a nírọ́, má sì tíì pè é ní awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ṣiṣẹ́ nílẹ̀ ní àwọn pápá bàálù RAF: wọ́n ń rọ epo, wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n ń ṣọ́ bàálù. Ọ̀pọ̀ sí i sì ni ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó lọ sí Burma, Myanmar òní.

Kọ́kọ́ wá ohun tó fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ́ méjì tí lẹ́tà RAF wà láàrin rẹ̀, awakọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ aláǹtakùn dúdú, Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni, tó jà ní Burma. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, Dífíṣọ̀n 82 ni. Wo ẹ̀yìn fọ́tò, etí àmì ẹ̀yẹ, àti inú ìwé ìtúsílẹ̀ fún nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló wúlò ju orúkọ lọ, torí àwọn akọ̀wé òyìnbó kì í kọ orúkọ wa bó ṣe yẹ.

Bí ó bá jẹ́ RAF ló wà, mọ̀lẹ́bí lè kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti béèrè ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kú sógun, orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà lọ́wọ́ àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Commonwealth, a sì lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì san kọ́bọ̀. Gbìyànjú oríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ náà: pẹ̀lú "Sh" dípò "Ṣ", láì ní "Ade" níwájú, tàbí orúkọ ìribọmi nìkan.

Ẹ sì ya fọ́tò ìwé náà lónìí. Kòkòrò àti òjò ti jẹ púpọ̀ nínú àpótí àwọn baba wa.